"Pa run" kọ́: lórí gbígbé àgádágodo kíkà-kíkọ kalẹ̀ àti títú u palẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Lórí títúmọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà sí Yorùbá, ẹ̀gbọ́n wa ará Iléṣà dábàá pé kí a máa pe pthread_rwlock_init, àṣẹ tó ń múra àgádágodo inú ètò kọ̀ǹpútà sílẹ̀, ní "dá àgádágodo", kí pthread_rwlock_destroy, àṣẹ tó ń parí ìlò rẹ̀, sì jẹ́ "pa àgádágodo run". Wọ́n ní kí nǹkan náà fúnra rẹ̀ máa jẹ́ "àgádágodo akàwé-akọ̀wé".

Ti orúkọ yìí ò le. Akọ̀wé ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ ní ọ́fíìsì. Ẹni tó bá gbọ́ ọ ní Ifẹ̀ níbí á rò pé ilẹ̀kùn rẹ́jísírà la fẹ́ tì. "Àgádágodo kíkà-kíkọ" ti tó. Ọ̀pọ̀ fọ́nrán iṣẹ́ (thread, ìyẹn àwọn apá ètò tó ń jọ ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà) lè jọ dì í mú láti fi ka ohun tó ń ṣọ́, àmọ́ èyí tó bá fẹ́ kọ gbọ́dọ̀ dá nìkan wà níbẹ̀.

"Pa run" gan-an ni mo bá jà. Ọmọ kan tí mo ń kọ́ ní Lágéré kọ destroy sí ìparí main, ìyẹn apá tí ètò ti ń bẹ̀rẹ̀, kó tó pe pthread_join, àṣẹ tó ń dúró kí fọ́nrán mìíràn parí iṣẹ́. Fọ́nrán kejì ṣì ń ka àkójọ orúkọ lọ́wọ́. Mo ní kí ló dé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí pa á run lẹ pè é? Mo rò pé tó bá ti kú, ẹni tó dì í mú á jáwọ́ ni." Ta ló fẹ́ bá a wí? Ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ nìyẹn. Linux pàápàá ò ké: lórí glibc, àkójọ àṣẹ C tí ọ̀pọ̀ Linux ń lò, destroy á rọra dá 0 padà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀, POSIX, ìlànà tí àwọn àṣẹ yìí ń tẹ̀ lé, ti sọ ọ́ pé bí ẹnikẹ́ni bá ṣì di àgádágodo náà mú, ohun tó bá tìdí rẹ̀ yọ, àwọn ò mọ̀ sí i.

"Dá" náà ò ṣe é lò. Kí a tó pe init ni àyè rẹ̀ ti wà nínú mẹ́mórì. Init kàn ń múra rẹ̀ sílẹ̀ ni. Lẹ́yìn destroy, a ṣì lè pe init lórí àyè kan náà. Ẹ wo àwọn oníkánópì lóde àríyá: wọ́n bá ilẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á fi ilẹ̀ síbẹ̀, wọn ò sì jẹ́ fọwọ́ kan òpó nígbà tí àlejò ṣì ń jẹun lábẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, "gbé kalẹ̀" àti "tú palẹ̀" ni tèmi. Ẹnìkan á ní "tú" jọ unlock, àṣẹ tí fọ́nrán fi ń jọ̀wọ́ àgádágodo tó dì mú. Kí a má yọ "palẹ̀" kúrò, kí unlock sì máa jẹ́ "fi sílẹ̀". "Ṣí" ò bá a mu, torí bí òǹkàwé kan bá fi í sílẹ̀, àwọn tó kù ṣì lè dì í mú, òǹkọ̀wé ò sì tíì ráyè wọlé.

Ó ku PTHREAD_RWLOCK_INITIALIZER, tí a fi ń gbé e kalẹ̀ láìpe init. Mo fi ìyẹn sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n wa. Òṣómàáló ni wọ́n, wọn ò sáà ní dìde láìgba èsì.