Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan nínú máàpù àtijọ́ ilẹ̀ Kansas

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìrírí yín nípa máàpù àtijọ́ ni mo ti ń kà látàárọ̀, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń gbé ní Kansas. Ọ̀nà tí mo ń gbà lọ síbi iṣẹ́ tọ́ gbọọrọ, oko àlìkámà lọ́tùn-ún, oko àlìkámà lósì. Bó bá wá dé ibì kan, á ṣàdédé yà, á tún tọ́ lọ. Kò sí odò níbẹ̀, kò sí òkè. Ó ti pẹ́ tó ti ń yà mí lẹ́nu.

Máàpù àtijọ́ ló dá mi lóhùn. Ìjọba Amẹ́ríkà ti kó èyí tí àwọn awọnlẹ̀ wọn yà láyé ọjọ́un sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Mo wá ti àdúgbò mi. Ilẹ̀ tó wà nínú máàpù kan jẹ́ máìlì 6 ní ìbú, 6 ní òòró, wọ́n pín in sí ìpín 36, ìpín kọ̀ọ̀kan jẹ́ ékà 640. Òkè lọ́wọ́ ọ̀tún ni ìpín 1 wà, ó kà lọ sósì dé 6, 7 bọ́ sábẹ́ 6, ó wá kà padà, bí àgbẹ̀ tó kọ ebè dé ìpẹ̀kun oko tó ṣẹ́rí. Torí pé ayé rí roboto, àwọn ìlà tó kọrí sí àríwá máa ń súnmọ́ ara wọn, awọnlẹ̀ á wá tún wọn tò níbì kan. Ibẹ̀ ni ọ̀nà mi ti ń yà!

Ẹ̀wọ̀n irin tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 66 ni wọ́n ń fà kiri nínú koríko. 80 rẹ̀ ni máìlì kan. Níbi tí kò bá sí igi tí wọ́n lè sàmì sí, wọ́n á gbẹ́ ihò, wọ́n á kó erùpẹ̀ jọ bí ebè, nígbà míì wọ́n á ri èédú sábẹ́ rẹ̀, torí èédú kì í jẹrà. Pèrègún ni bàbá mi gbìn sí ààlà oko wa. Nígbà tí mo ka ti èédú yìí, oko yẹn ni ọkàn mi lọ tààrà.

Àmọ́ ohun tó gbà mí lọ́kàn jù ni ìlà tótòtó kan, tó rí wọ́kuwọ̀ku láàárín gbogbo ìlà tó tọ́ wọ̀nyẹn. Wọ́n kọ “Indian Trail”, ìyẹn ọ̀nà ẹsẹ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, sí i lára, lẹ́tà rẹ̀ kéré bíi kòkòrò. Àwọn Kansa tí ìpínlẹ̀ yìí ń jẹ́ orúkọ wọn, àwọn Pawnee, àwọn Osage, gbogbo wọn ti ń rìn nílẹ̀ Kansas kí ẹnikẹ́ni tó na ẹ̀wọ̀n lé e. Ilẹ̀ tí wọ́n wọ̀n yìí ni ìjọba wá ń pín: lábẹ́ òfin ọdún 1862, ékà 160 ni wọ́n ń fún ẹni tó bá gbé ibẹ̀ fún ọdún 5, tó sì dáko.

Mo fi ìka tọ ọ̀nà náà. Ó wọlé láti ìpín 31, ó gba inú ìpín 16 tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ kọjá, ó jáde ní ìpín 12. Mo sáré ṣí máàpù tó tẹ̀ lé e. Awọnlẹ̀ míì ló ya ìyẹn. Kò fa ọ̀nà kankan síbẹ̀.