Orúkọ tí Màmá pè fún mi kò bá fọ́tò dé kọ̀ǹpútà tuntun. Ẹ gbà mí o

Àbíkẹ́yìn Ìlódè
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Nígbà tí Bàámi kú, páálí bàtà mẹ́ta tó kún fún fọ́tò ni wọ́n fi sílẹ̀. Lọ́dún 2013 mo fi skánà kó gbogbo rẹ̀ sínú láptọ́ọ̀pù, ó lé díẹ̀ ní 2,000. Picasa, ètò Google tí wọ́n fi ń to fọ́tò, ni mo ń lò nígbà náà. Lálaalẹ́ ni mo máa ń jókòó ti Màmá, màá nawọ́ sí ojú kan, wọ́n á ní, "Ìyá aláṣọ òkè tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa nìyẹn," èmi á sì tẹ orúkọ sí ojú náà. Ó gbà wá tó ọdún kan. Bí wọn ò bá rántí ọdún, wọ́n á ní "ayé Adérẹ̀mí" tàbí "ayé Ṣíjúwadé" ni. Mo sọ ìyẹn náà di tag, ọ̀rọ̀ tí a lẹ̀ mọ́ fọ́tò kí a lè fi wá a. Tí mo bá tẹ "ayé Adérẹ̀mí", gbogbo èyí tí wọ́n yà kí Ọ̀ọ̀ni Adérẹ̀mí tó wàjà lọ́dún 1980 ló máa tò síta.

Màmá ti pé 86 báyìí. Tí mo bá fi fọ́tò kan náà hàn wọ́n, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín, wọn kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni mọ́.

Láptọ́ọ̀pù yẹn ti ń kú lọ. Bátìrì ẹ̀ ò mú nǹkan dúró mọ́. Bí iná bá lọ, òun náà lọ nìyẹn. Mo ra òmíràn ní Lágere, mo fi fláàṣì kó fọ́tò bíi 30 síbẹ̀. Fọ́tò dé, orúkọ ò dé. Kí ni kí n ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n tún wọn kọ. Ta ni màá bi?

Ọmọ Ọ̀pá
Ẹ gbé gbogbo ẹ̀ sórí Google Photos, ó parí. Ó máa dá ojú mọ̀ fúnra ẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Mọ́ọ̀rè
Àbúrò, ó lè to ojú tó jọra pọ̀, àmọ́ ta ló máa sọ fún un pé ìyá aláṣọ òkè nìyí? Orúkọ là ń wá. Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 ni ọ̀fẹ́ aláìlópin ibẹ̀ náà sì ti tán, 15GB ni wọ́n ń fúnni, lẹ́tà Gmail rẹ pàápàá ń jẹ nínú ẹ̀.

Afọ́tò Ẹnuwá
Ẹ̀gbọ́n, ọkàn yín balẹ̀. Orúkọ yẹn kò tíì sọnù, ó wà nínú láptọ́ọ̀pù àtijọ́. Ẹ má tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù o.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Bí ẹ ò bá ní kí Picasa kọ orúkọ sínú fọ́tò, kò ní kọ ọ́ síbẹ̀. Nínú fódà kọ̀ọ̀kan, fáìlì kan fara pamọ́ síbẹ̀ tó ń jẹ́ .picasa.ini. Ibẹ̀ ló kọ ọ́ sí pé ojú wà níbi báyìí, nọ́ńbà rẹ̀ ni báyìí. Ẹni tó ni nọ́ńbà náà tún wà níbòmíràn, nínú contacts.xml, lábẹ́ fódà Picasa2. Ẹ wọ inú fódà, ẹ ṣa fọ́tò nìkan, ẹ kó o lọ. Bí ẹni kó ẹrù kúrò nílé tó gbàgbé ìwé ilẹ̀ sábẹ́ ẹní ni.

Ẹ ṣí Picasa lórí ti àtijọ́, ẹ lọ sí Tools, Experimental, kí ẹ tẹ Write Faces to XMP. Ìgbà yẹn ni orúkọ tó máa wọnú fọ́tò gan-an. Fọ́tò tó jẹ́ irú fáìlì JPEG nìkan ló ń ṣe é fún. Tag "ayé Adérẹ̀mí" yín kò ní wàhálà, inú JPEG ló ti wà tẹ́lẹ̀. Álíbọ́ọ̀mù ló máa dà yín láàmú, torí kò sí nínú fọ́tò rárá. Ọgbọ́n tí mo dá sí tèmi ni pé mo ṣí álíbọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan, mo ṣa gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀, mo sì fún wọn ní tag tó ń jẹ́ orúkọ álíbọ́ọ̀mù náà.

Lórí tuntun, ẹ má fi Picasa ṣe ilé mọ́. Láti March 15, 2016 ni Google ti fi í sílẹ̀. digiKam ni kí ẹ lò, ètò tí wọ́n fi ń to fọ́tò lòun náà, ọ̀fẹ́ ni, á sì ka orúkọ ojú tó wà nínú fọ́tò.

Aṣọ̀wò Sábó
Ṣé kò ní yá jù tí wọ́n bá fi WhatsApp fi ránṣẹ́ sí ara wọn?

Afọ́tò Ẹnuwá
Áà! Rárá o. WhatsApp máa fún fọ́tò náà pọ̀, á sì bọ́ gbogbo ohun tí a kọ sínú ẹ̀ dànù.

Bàbá Iléṣà
Ọmọ mi, kí o tó tẹ ohunkóhun, kọ́kọ́ kó odidi fódà sórí hard drive kan, pẹ̀lú fódà Picasa2 yẹn. Copy ni o, má ṣe cut. Èmi ṣe cut lọ́jọ́ kan, iná lọ nígbà tí fọ́tò ìdílé ìyàwó mi ń lọ lọ́wọ́, ìdajì wọn ni mo rí.

Nǹkan kejì, wo àwọn lẹ́tà wa dáadáa. Ètò kan tí mo lò sọ gbogbo ẹ, ọ àti ṣ di àmì ìbéèrè. Ọ̀ṣúnkẹ́mi di ohun tí ẹnu ò lè pè. Fódà kan ni kí o kọ́kọ́ fi dán an wò.

Àbíkẹ́yìn Ìlódè
Ẹ ṣé, ẹ̀yin àgbà. Mo ti ṣe ẹ̀dà gbogbo ẹ̀, mo sì fi fódà ìgbéyàwó Àǹtí mi dán an wò. Nínú 40, 37 gbé orúkọ dé, ẹ àti ọ wọn pé. Mẹ́ta tó kù, PNG ni wọ́n, wọn kì í ṣe JPEG. Mo fi Notepad ṣí .picasa.ini, mo wá nọ́ńbà wọn lọ sínú contacts.xml, mo rí wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni ìyá aláṣọ òkè!

Fódà 61 ló kù, iná sì ti lọ láti ìrọ̀lẹ́.

Ọmọ Ọ̀pá
Ẹ̀gbọ́n, a ní inverter níbí. Ẹ gbé méjèèjì wá lọ́la, ẹ má gbàgbé chájà.