Ìdáhùn lórí àbá "ẹ̀rọ ẹlẹ́mìí"

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ojúgbà mi. Ẹ̀gbọ́n tó dábàá ní ìjẹta pé kí a máa pe living construct (ẹ̀dá àtọwọ́dá tó wà láàyè nínú eré Dungeons & Dragons) ní "ẹ̀rọ ẹlẹ́mìí" ti gbìyànjú gan-an, nítorí ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ọ yóò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀wọ̀ takò ó. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń fi irú ẹ̀dá-ìtàn bẹ́ẹ̀ ṣeré, n kò sì rí èyí tó bá a mu nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì tí ẹ̀gbọ́n so pọ̀.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, Dungeons & Dragons ni eré orí tábìlì tí olúkúlùkù ti ń sọ̀rọ̀, tí ó sì ń hùwà bí ẹ̀dá-ìtàn kan, tí olùdarí eré sì ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún wọn. Ní ọdún 2004 ni ìwé Eberron, ọ̀kan nínú àwọn ayé tí a ti ń ṣe eré náà, jáde; ibẹ̀ ni a ti rí àwọn warforged, living construct tí à ń sọ yìí. Igi, òkúta àti irin ni ara wọn; ìdílé Cannith, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ayé náà, ló rọ wọ́n láti máa jagun. Nígbà tí ogun parí, àdéhùn Thronehold fún wọn ní òmìnira, ó sì ka rírọ òmíràn léèwọ̀. Nínú òfin eré ìgbà náà, àwọn ẹ̀dá àtọwọ́dá yòókù kò ní máàkì kankan fún okun ara, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí ní in bí ènìyàn.

Ẹ wá wo "ẹlẹ́mìí". Láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe "mí" ni a ti rí "ẹ̀mí", bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀dá yìí kì í mí. Kò pọn dandan kó jẹ, kó mu tàbí kó sùn. Bí a bá tì í sí ìsàlẹ̀ odò, yóò fẹsẹ̀ rìn jáde ní òdì kejì. Báwo ni a ṣe máa sọ ọ́ lórúkọ èémí tí kò ní? "Alààyè" ló sàn jù, nítorí pé "yè" kò béèrè bóyá imú ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. (Ẹni tó mú "ère abẹ̀mí" wá náà kò yọ nínú ẹjọ́ yìí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, gbígbẹ́ ni a sábà máa ń gbẹ́ ère, kì í ṣe rírọ.)

"Ẹ̀rọ" gan-an ló dùn mí jù. Mo mọ̀ pé láti ara "rọ" lòun náà ti wá, ṣùgbọ́n lónìí, ohun tí a ń tẹ̀ tàbí tí a ń tàn ni etí ń gbọ́ bí a bá pè é. Èdè wa kò fi ọ̀rọ̀-arọ́pò-orúkọ ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo, "ó" náà ni fún ènìyàn àti nǹkan, èyí sì bá ẹ̀dá tí kì í ṣe akọ tí kì í ṣe abo mu rẹ́gí. Inú ìbéèrè ni a ti ń mọ ènìyàn yàtọ̀ sí nǹkan. Bí olùdarí eré bá fi ẹnu ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè béèrè pé, "Kí ni ó dúró sẹ́yìn yín yẹn?", mo mọ̀ pé ẹ̀ṣọ́ náà ti kà mí sí ẹrù. Bí ó bá ní, "Ta ni?", ó ti gbà pé ẹnìkan ni mí. Àdéhùn Thronehold wà nínú ìyàtọ̀ yẹn. "Ẹ̀rọ" sì ti dá ẹjọ́ náà kí ẹ̀ṣọ́ tó lanu.

Àbá tèmi ni "àrọdá", láti ara "rọ" àti "dá", bí a ṣe ní "àtọwọ́dá". Gbogbo ẹ̀dá àtọwọ́dá inú eré náà ni àrọdá; èyí tí a ń jiyàn lé lórí ni "àrọdá alààyè". Mo kọ́kọ́ ro "àrọ" lásán, ṣùgbọ́n bí ohùn ìsàlẹ̀ bá bọ́ lẹ́nu ẹni tó ń yára sọ̀rọ̀, "arọ" ló kù, kò sì dára kí a fi ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ pe ajagun.

Ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ ló kù tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi rò. Ìgbà kan tí tèmi ṣubú lójú ìjà, ẹni tó jókòó tì mí di dáìsì mú, ó ní, "Ṣé kí n wò ó sàn ni, àbí kí n tún un ṣe?" Nínú òfin ọdún 2004, ìdajì agbára ìwòsàn ló ń ràn án, ṣùgbọ́n àtúnṣe ń ràn án pátápátá, nítorí náà méjèèjì tọ̀nà. Ohun tó ṣòro ni ipò tó wà nígbà náà: ìwọ̀n ìlera rẹ̀ ti lọ sísàlẹ̀ òdo, kò mira, ṣùgbọ́n kò kú, kò sì ń burú sí i bí ti ènìyàn. A lè ní ó "dákẹ́" bí ọkọ̀ ṣe ń dákẹ́, àmọ́ aláìsàn tó bá dákẹ́ ti lọ nìyẹn, àwọn tó jókòó yí tábìlì ká yóò sì máa kẹ́dùn ṣáájú àkókò. "Dákú" ni mo ń lò ní tèmi títí ẹ ó fi rí èyí tó sàn jù ú lọ.