Fídíò ọjọ́ ìbí Màámi kò ṣí, ẹ gbà mí o!

Ìyá Tòmíwá:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin tèmi. Inú ń bí mi débi pé mi ò mọ ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀. Màámi pé ọgọ́rin ọdún, a sì gba ayafídíò tí gbogbo èèyàn ń yìn. Ó gba owó rẹ̀ tán, kò ku kọ́bọ̀, ó wá fi líǹkì ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé kí n máa dáńlóòdù. Léèsì àwọ̀ ìyeyè tí a fi ṣe aṣọ ẹbí, títí di òní ni wọ́n ń béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ wa. Àbúrò mi tó wà ní London ní, "MP4 ni, kò sí ibi tí kò ní ṣí." Ọ̀nà mẹ́rin ni ayafídíò pín in sí bí àwòrán ṣe mọ́ sí, láti orí èyí tó mọ́ jù: 4K, 1080p, 720p, 480p. Mo mú 4K, torí owó tí a ná kì í ṣe ti nǹkan gbàrọgùdù. Gbogbo dátà oṣù mi ló bá a lọ. Mo dà á sórí fláàṣì, mo gbé e lọ bá Màámi ní Ìkirè. Wọ́n ti wé gèlè jókòó, wọ́n ti pe àwọn aládùúgbò. Ló bá kọ ọ́ síwájú wa pé òun ò mọ fáìlì yìí. Èwo ni kí n wá dáńlóòdù báyìí? Ẹ má sọ pé kí n pe ayafídíò o, kì í gbé e.

Bàbá Kẹ́mi:
4K fún kí ni? Ohun tó bá ṣáà ti tóbi lẹ ó gbé. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n ínǹṣì 32 tó wà nílé wa, 1366 lórí 768 ni ojú wọn. 720p ti tó wọn. Ẹ dáńlóòdù ìyẹn.

Ọmọ Ọ̀yọ́:
Fláàṣì ni kí ẹ yẹ̀ wò. Tó bá jẹ́ FAT32, ìyẹn ọ̀nà àtijọ́ kan tí wọ́n fi ń to fáìlì sórí fláàṣì, kì í gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá tó GB 4. Ó ti ṣe mí rí nígbà ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Ìyá Tòmíwá:
Ó gbà á. Kéékèèké ni wọ́n gé e. Bàbá Kẹ́mi, owó mi ni mo fi ra dátà o.

Alága Kọ̀ǹpútà:
MP4 tí ẹ ń pè yẹn, àpò lásán ni. Ohun tó wà nínú àpò lẹ̀rọ ń kà. H.264, ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń fún fídíò pọ̀ kó lè kéré, ti wà láti 2003, ẹ̀rọ tó pọ̀ ló mọ̀ ọ́n. H.265, tí wọ́n tún ń pè ní HEVC, 2013 ló dé, ẹ̀rọ àtijọ́ kò mọ̀ ọ́n rárá. Ẹ ṣí i nínú VLC, ètò tí wọ́n fi ń wo fídíò, lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ Ctrl àti J, ẹ wo ohun tó kọ síbi Codec, orúkọ ọ̀nà ìfúnpọ̀ náà nìyẹn. Irú tẹlifíṣọ̀n wo sì ni?

Túnjí:
Ẹ kàn yí ìdí orúkọ fáìlì padà sí .avi. Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Alága Kọ̀ǹpútà:
Túnjí, orúkọ àpò lo yí, ẹrù inú rẹ̀ kò yí!

Túnjí:
Ó ṣiṣẹ́ fún mi ṣá.

Ìyá Kúnlé:
Tèmi, àwòrán ń jáde, ẹnu ń mì, ohùn ò sí. Wọ́n ní DTS ni ohùn rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n wa ò sì mọ DTS. Odindi ọdún Kérésì la fi wo ẹnu.

Bàbá Kẹ́mi:
Mo tún un sọ, 720p.

Ìyá Tòmíwá:
Alága, ẹ ṣeun. Mo bá wọn ṣí i níbi iṣẹ́ mi, hevc ló kọ. Tẹlifíṣọ̀n Màámi kò ní nǹkan kan o, Bàbá wa ló rà á kí wọ́n tó papò dà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ pé ká pààrọ̀ ẹ̀. Òun náà kọ́ ni mo ki fláàṣì bọ̀, kò níhò fláàṣì. Ara ẹ̀rọ DVD ni mo ki fláàṣì bọ̀, èyí tó ní okùn pupa, funfun àti ìyeyè.

Bàbá Kẹ́mi:
DVD! Láti àárọ̀!

Alága Kọ̀ǹpútà:
Ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn. 720p gan-an, tó jẹ́ ìlà 720, kò ní ṣí. Okùn ìyeyè yẹn kì í gbé àwòrán tó ju ìlà 576 lọ, irú DVD bẹ́ẹ̀ tó bá sì ń ka fídíò lórí fláàṣì, AVI, àpò mìíràn bíi MP4, tí Xvid tàbí DivX, ọ̀nà ìfúnpọ̀ àtijọ́, wà nínú rẹ̀ ló sábà máa ń mọ̀. Ẹ wo iwájú rẹ̀ bóyá wọ́n kọ DivX síbẹ̀.

Ọmọ Ọ̀yọ́:
Ẹ fi HandBrake yí irú fídíò náà padà, ètò ọ̀fẹ́ ni.

Alága Kọ̀ǹpútà:
HandBrake ti jáwọ́ nínú AVI tipẹ́. Format Factory ni kí ẹ lò.

Bàbá Kẹ́mi:
Ẹ kúkú jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sórí àwo DVD. Kí wọ́n ṣe é ní DVD fídíò gidi o, kì í ṣe kí wọ́n kàn kó fáìlì sórí ẹ̀. Kò sí pé DivX wà tàbí kò sí níbẹ̀.

Ìyá Tòmíwá:
Kì í ka àwo mọ́, ìdí tí a fi ń lo fláàṣì nìyẹn. Màámi fi ń gbọ́ ìwàásù. Mo ti fóònù wọn: DivX wà níwájú ẹ̀. Ṣé 4K mi wá di òfo ni?

Alága Kọ̀ǹpútà:
Rárá o. Ẹ má fi dátà kankan dáńlóòdù mọ́, ara 4K yẹn gan-an ni wọn yóò ti yọ ọ́. Ẹ tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ẹ gbé e lọ sílé kọ̀ǹpútà, ẹ ní AVI, Xvid, 720 lórí 576, ohùn MP3. Kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ẹyọ kan péré, kí ẹ gbé e dé Ìkirè lọ wò, kí ẹ tó sanwó ìyókù.