Ẹ̀gbọ́n ló ń bá àbúrò sọ gbogbo ọ̀rọ̀, kí ni kí n ṣe?

Ìyá Àkànní, Apẹ̀tẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, ẹ̀yin ìyá. Àkànní mi ti pé ọdún 7, Àdùkẹ́ pé 4 lóṣù tó kọjá. Bí mo bá bi í pé, "Àdùkẹ́, àmàlà àbí ìrẹsì?" ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló máa dáhùn: "Mọ́mì, ìrẹsì ló fẹ́." Kó tó nawọ́ sí ife, ó ti bu omi fún un. Lálẹ́, tí wọ́n bá wà lórí ẹní, mo máa ń gbọ́ bó ṣe ń rojọ́ wẹ́wẹ́ fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Àmọ́ tíṣà ní kì í lanu sọ̀rọ̀ ní kíláàsì. Lánàá, ó tọ̀ sára torí kò lè sọ pé ìtọ̀ ń gbọ̀n òun. Mo sunkún nígbà tí mo ń fọ yunifọ́ọ̀mù yẹn. Bàbá wọn ní kí n kìlọ̀ fún Àkànní kó yé gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ rò pé ìfẹ́ tó ní sí àbúrò ẹ̀ ló di ẹ̀ṣẹ̀.

Ìyá Àgbà Òjé:
Ọmọ mi, má bá a wí. Ọmọ mẹ́fà ni mo tọ́ l'Ọ́jé. Àbíkẹ́yìn mi, ẹnu márùn-ún ló ń bá a sọ̀rọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá a rán sí aláta ojúde wa, mo sì ń ṣọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, owó ló gbé padà wá. Nígbà kẹta, ó kó ata dé, ó ní, "Wọ́n ní ẹ ò kí àwọn láàárọ̀."

Tíṣà Bódìjà:
Òótọ́ ni Màmá sọ. Ẹ má jẹ́ kí bàbá wọn rò pé Àkànní ń ba àbúrò ẹ̀ jẹ́ o. Ní 1994, Josef Perner, onímọ̀ nípa bí ọmọdé ṣe ń ronú, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ ọdún 3 àti 4. Wọ́n rí i pé àwọn tó ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò nílé sábà máa ń tètè mọ̀ pé ohun tẹ́nì kan rò lè yàtọ̀ sí bí nǹkan ṣe rí gan-an. Mo ń rí i ní kíláàsì mi: ọmọ tó ti fi bisikíìtì pamọ́ rí kí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ má bàa rí i, kì í pẹ́ mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹlòmíì.

Ẹ fún Àkànní níṣẹ́ mìíràn. Kó máa pàlọ́ fún un, kó wá dákẹ́ níbi tó ti dùn, kí Àdùkẹ́ parí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá bi í léèrè, ẹ dúró dè é, bó ti wù kó pẹ́ tó. Bí ìdákẹ́ yìí bá ju oṣù kan lọ níléèwé, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ọmọdé, kí wọ́n yẹ etí ẹ̀ náà wò.

Ìyá Àkànní, Apẹ̀tẹ́:
Ẹ ṣé gan-an. Mo rán Àdùkẹ́ lọ ra iyọ̀ nírọ̀lẹ́ yìí. Owó ló gbé padà. Àkànní dúró sẹ́nu ọ̀nà, omi ń dà lójú ẹ̀ títí tó fi dé. Mo ní kó lọ múra àlọ́ Ìjàpá sílẹ̀ fún alẹ́. Lọ́la, màá tún rán an.