Èsì: “Òjìji-alẹ́” kọ́, odú ni

Ẹ̀yin ará,

Àbúrò wa kan gbé “òjìji-alẹ́” kalẹ̀ lánàá fún ewéko tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní nightshade. Kí ló gbé òjìji dé ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́? Jámánì náà ń pè é ní òjìji òru lédè wọn; tiwọn nìyẹn. Àwa ti ní i lẹ́nu pé odú kì í ṣe àìmọ̀ fólóko. Olóko mọ̀ ọ́n tán, a tún ń sọ ọ́ lórúkọ? Ẹ tún wo ohùn: bí ọwọ́ bá yẹ̀ díẹ̀ lórí “òjìji”, “òjijì” inú “lójijì” ti dé nìyẹn. Ẹni tó sì kọ “odù” lábẹ́ rẹ̀, ti Ifá ló kọ. Odú: ohùn òkè ló parí rẹ̀.

Ohun tó bí mi nínú jù ni pé orúkọ yìí da èyí tí à ń jẹ pọ̀ mọ́ èyí tí ń pani. Òdòdó odú (Solanum nigrum) funfun, ó ní ìpín márùn-ún, ṣóńṣó àárín rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè. Èso rẹ̀ kì í dá so: bíi mẹ́rin sí mẹ́wàá ló ń so rọ̀ láti ojú kan ṣoṣo lára igi, láàárín ewé kan sí èkejì. Atropa belladonna, èyí tí ń pani, kọ́ nìyẹn. Tirẹ̀, òdòdó bí agogo, àwọ̀ elésè àlùkò tó ṣú. Èso rẹ̀ ń dá so níbi tí ewé ti yọ, ó tóbi ju ti odú lọ, ó sì jókòó sórí nǹkan aláwọ̀ ewé tó là sí márùn-ún bí ìràwọ̀. Ìràwọ̀ yẹn ni kí ojú kọ́kọ́ wá. Ẹ má fi ẹnu kàn án. Odú gan-an, èso rẹ̀ tí kò tíì pọ́n ní májèlé; ewé rẹ̀, ẹ bọ̀ ọ́, kí ẹ da omi rẹ̀ nù.

—

> Olóko mọ̀ ọ́n tán

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n odú ẹyọ kan ni. Kí la ó máa pe ẹbí tí ata, tòmátì àti ìgbá wà nínú rẹ̀? Mo sì kọ ọ́ pé bí ó bá ní ewé márùn-ún, kí a “ṣí i nípò padà” sábẹ́ ìbòòji. Ẹ ò sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn.

—

“Ẹbí odú” ti tó. Ti ìbòòji yẹn, orúkọ yín ló tàn yín: bí kò bá rí oòrùn, á ga tẹ́ẹ́rẹ́, ewé rẹ̀ á fẹ́lẹ́. “Ṣí nípò padà” ńkọ́? Àga ni à ń ṣí nípò. Irúgbìn, lílọ́ ni. A lọ́ ata, a lọ́ odú, 30 sẹ̀ǹtímítà síra wọn.

Kí ẹ tó lọ́ ọ, ẹ fọ́ èso tó ti dúdú sínú omi, kó wà níbẹ̀ mọ́jú, kí ẹ fọ̀ ọ́. Hóró tó bá léfòó, ẹ dà á nù. Ẹ gbẹ èyí tó rì níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Bí omi èso bá ṣì wà lára rẹ̀, kì í tètè hù. Ó kéré púpọ̀, nítorí náà ẹ pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ kí ẹ tó fọ́n ọn, kí erùpẹ̀ orí rẹ̀ má ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ. Bí wọ́n bá há jù tàbí tí omi pọ̀ jù, ìdí á rà, gbogbo rẹ̀ á dojú dé. Ẹ má lọ́ ọ sí ibi tí tòmátì ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò: aràn wẹ́wẹ́ tí ń sọ gbòǹgbò di kókó ti wà nílẹ̀ ń retí rẹ̀. Bó bá ti mú, ẹ rẹ́ orí rẹ̀ kó lè yọ ẹ̀ka, ẹ sì máa já òdòdó dànù bó bá jẹ́ ewé lẹ fẹ́.

—

Ẹ kú àríyànjiyàn. Àwọn àgbà tí ì bá dá wa lẹ́jọ́ ń tán lọ. Ṣùgbọ́n odú àti ògùnmọ̀ ńkọ́? Èyí tí ewé rẹ̀ gbòòrò, tí èso rẹ̀ tóbi (Solanum scabrum), ògùnmọ̀ nìyẹn, àbí odú ni ẹ̀yin ń pè é?

—

Ògúnmọ̀ ni, kì í ṣe ògùnmọ̀.

—

Ta ló kọ́ yín?