Kí ló dé tí ẹja mi ń di ọ̀pọ̀, tí ìhámọ́ra sì ń di ọ̀wọ́n nínú géèmù kan náà?

Apẹja, Kubwa:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ti tó ọdún méjì tí èmi àti àbúrò mi ọkùnrin ti ń gbá géèmù kan lórí fóònù, èyí tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn máa ń wọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láti gbogbo ayé, tí oníkálukú ní iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀, tí ọjà sì wà níbi tí a ti ń ra nǹkan lọ́wọ́ ara wa. Iṣẹ́ ẹja pípa ni mo yàn. Bí a bá ti jẹun alẹ́ tán, tí wọ́n sì mú iná wá, mo máa ń jókòó bíi wákàtí kan láti pa ẹja, n ó sì kó o lọ sọ́jà kí n tó sùn. Nínú oṣù kẹta, owó wúrà 240 ni ẹja kan. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, 95 ni mo tà á. Ṣùgbọ́n ìhámọ́ra tí mo ń tu owó jọ láti rà, tí ó jẹ́ mílíọ̀nù 1.8 nígbà náà, ti kọjá mílíọ̀nù 3 báyìí.

Ní etí odò tí mo ti ń pa ẹja, àwọn méje kan wà tí wọn kì í kúrò níbẹ̀ tọ̀sán tòru. Aṣọ awọ kan náà ni gbogbo wọn wọ̀, orúkọ wọn kò ju lẹ́tà àti nọ́ńbà tí kò ní ìtumọ̀ lọ, ìṣẹ́jú àáyá kan náà sì ni gbogbo wọn máa ń yí padà láti lọ sí ilé ìfowópamọ́. Mo kí wọn títí, kò sí ẹni tó dáhùn. Àbúrò mi ní bọ́ọ̀tì ni wọ́n, pé ẹ̀rọ ni ẹnì kan gbé kalẹ̀ kí ó máa ṣe iṣẹ́ èèyàn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ohun kan fi ń di ọ̀pọ̀ tí òmíràn sì ń di ọ̀wọ́n? Ṣé kò yẹ kí iye gbogbo ọjà jọ wálẹ̀ ni?

Alárọ́bọ̀, Lugbe:

Ẹ kú ìrọ́jú, Apẹja. Àbúrò yín kò parọ́, orísun kan náà sì ni ohun méjèèjì tí ẹ rí ti wá. Irú kan wà nínú àwọn bọ́ọ̀tì tó ń kó ọjà wá, irú kejì sì ń kó owó wá.

Àwọn méje etí odò yín, ọjà ni wọ́n ń kó wá. Ẹ wo tòmátì ní ọjà Wuse: nígbà tí àwọn àgbẹ̀ Kano àti Kaduna bá ń kórè lákòókò ọ̀gbẹlẹ̀, ó máa ń dọ̀pọ̀, bí òjò bá dé, ó tún di ọ̀wọ́n. Ẹja bọ́ọ̀tì kò ní àsìkò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbé wọn kalẹ̀ kò ka wákàtí tí wọ́n lò sí nǹkan kan, nítorí náà iyekíye tí ọjà bá pè ló máa gbà, bí ó ti wù kí ó kéré tó, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ti ju owó iná àti owó àkáǹtì rẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi wákàtí kan tó ṣẹ́ kù lálẹ́ ṣe é kò lè bá a díje, ọkàn mi sì bàjẹ́ nítorí pé iṣẹ́ bíi ẹja pípa àti igi gígé ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé fi ń bẹ̀rẹ̀.

Irú kejì ń pa àwọn ẹranko abàmì tó máa ń ju owó wúrà sílẹ̀ bí wọ́n bá kú. Owó yẹn kò ti àpò ẹnikẹ́ni wá. Géèmù náà ló dá a lójú ẹsẹ̀. Nínú RuneScape, géèmù mìíràn tó jọ irú èyí, ọfọ̀ kan wà tó máa ń sọ ìhámọ́ra tàbí ohun ìjà di owó wúrà: ẹni tó pe ọfọ̀ náà kò tà á fún ẹlòmíràn, owó tuntun ló bọ́ sáyé. Bí ẹgbẹ̀rún bọ́ọ̀tì bá ń ṣe irú èyí láti àárọ̀ di àárọ̀, tí ohun tó ń gba owó kúrò nílẹ̀, bí owó àtúnṣe ìhámọ́ra tàbí owó orí ọjà, kò sì pọ̀ sí i, owó yóò pọ̀ lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, kò sì ní níye lórí mọ́. Ìhámọ́ra yín ńkọ́? Mo fura pé ara ẹranko ńlá kan ni wọ́n ti ń rí i, èyí tí ènìyàn mélòó kan gbọ́dọ̀ pawọ́ pọ̀ kí wọ́n tó lè borí, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sì ṣòro fún bọ́ọ̀tì. Iye ìhámọ́ra tó ń wọ ọjà kò yí padà, ṣùgbọ́n owó tí àwọn èèyàn ń gbé wá rà á ti di ìlọ́po.

Àwọn ajagun kan wà tí wọ́n ń gbèjà bọ́ọ̀tì nítorí pé oúnjẹ ogun dọ̀pọ̀. Ọ̀rọ̀ wọn yé mi, ṣùgbọ́n èrè tí wọ́n jẹ lórí ẹja, orí ìhámọ́ra ni wọ́n ti ń san án padà.

Ìyá Ìbejì, Kaduna:

Mo ti wà lára àwọn tó ń lo bọ́ọ̀tì rí, inú mi kò sì dùn sí i lónìí. Kí n tó ṣe ìgbéyàwó, mo ní àkáǹtì méjìlá lórí kọ̀ǹpútà àlòkù kan nínú yàrá mi. Ètò kan tí mo rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń darí wọn. Àwọ̀ tó wà lójú kọ̀ǹpútà ló máa ń wò: bí ó bá rí àwọ̀ igi, á tẹ igi, bí àpò bá kún, á gba ilé ìfowópamọ́ lọ. Wọ́n tilẹ̀ ṣe é kí ó máa dúró díẹ̀ láàárín ìgbésẹ̀ kan sí èkejì, kí ó má baà jọ ẹ̀rọ. Oníṣòwò kan tí n kò fojú rí rí ló ń fi dọ́là ra owó wúrà náà lọ́wọ́ mi, tí ó sì ń tún un tà fún àwọn tí kò ní àkókò láti ṣiṣẹ́ fún un. Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Bí náírà bá ṣe ń já wálẹ̀ sí dọ́là ni ìdẹwò náà ń lágbára sí i fún ẹni tó wà ní ipò tí mo wà nígbà náà.

Lóru ọjọ́ kan, mẹ́sàn-án nínú àkáǹtì méjìlá náà lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti dá wa mọ̀. Àwọn tó ni géèmù sábà máa ń dákẹ́, wọ́n á kó orúkọ jọ, wọ́n á wá lé gbogbo wọn pọ̀, kí ẹni tó kọ ètò náà má baà mọ ìgbésẹ̀ tó tú àṣírí rẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni, ṣùgbọ́n kí ọjọ́ náà tó pé, ẹja ti dọ̀pọ̀.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe pe gbogbo ẹni tó bá dákẹ́ ní bọ́ọ̀tì. Nígbà tí owó Venezuela dẹnu kọlẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ibẹ̀ ń fi ọwọ́ ara wọn pa dírágónì nínú Old School RuneScape, ẹ̀yà àtijọ́ RuneScape, kí wọ́n lè rí owó jẹun, àwọn kan sì ń dọdẹ wọn kiri inú géèmù náà. Ipa wọn lórí ọjà lè jọ ti bọ́ọ̀tì, ṣùgbọ́n èèyàn ni wọ́n. Apẹja, ẹ kọ́kọ́ kí àwọn tiyín ní èdè Sípáníìṣì, èdè àwọn ará Venezuela. Àwọn méje tó ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà, n kò rò pé wọn yóò dáhùn.

Olùkọ́, Minna:

Àwọn tó ni géèmù kò káwọ́ gbera. Láàárín òpin ọdún 2007 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2008, Jagex, ilé iṣẹ́ tó ni RuneScape ní ìlú Cambridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pàṣẹ pé ohun tí èèyàn bá fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ohun tí ó gbà dọ́gba, kí ẹni tó fi owó gidi ra wúrà má baà rí i gbà. Ó dí ọ̀nà mọ́ àwọn oníṣòwò wúrà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tún ṣeé ṣe fún ẹ̀gbọ́n láti ta àbúrò rẹ̀ lọ́rẹ. Ọ̀pọ̀ ló fi ìbínú kúrò. Lẹ́yìn tí èèyàn tó ju mílíọ̀nù kan lọ ti dìbò, wọ́n dá pàṣípààrọ̀ náà padà ní oṣù Kejì ọdún 2011. Ní ti CCP, ilé iṣẹ́ kan ní Iceland tó ni géèmù EVE Online, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé kan ni wọ́n gbà síṣẹ́ ní ọdún 2007. Nígbà tó sì di ọdún 2009, àkáǹtì tó lé ní 6,000 ni wọ́n lé kúrò.

Ọgbọ́n tó gbòde báyìí ni kí ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ máa ta ìwé owó kan tí èèyàn lè fi gba wúrà lọ́wọ́ ẹlòmíràn nínú géèmù; RuneScape bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2013, World of Warcraft, géèmù mìíràn, sì tẹ̀lé e ní 2015. Ọ̀pọ̀ ló yìn ín pé ó gba oníbàárà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹ̀yìnkùlé. Èmi kò fara mọ́ ọn pátápátá, nítorí pé ẹni tó ní bọ́ọ̀tì náà lè fi wúrà tí bọ́ọ̀tì pa ra ìwé owó yìí, kí ó sì fi san owó oṣù àkáǹtì rẹ̀ láìná kọ́bọ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni owó orí tí wọ́n fi lé ọjà Old School RuneScape ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, tó jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún nígbà náà, tí wọ́n sì ń fi lára rẹ̀ ra àwọn ohun kan lọ́jà láti mú wọn kúrò láyé géèmù náà. Ìyẹn ń dín owó tó wà nílẹ̀ kù. Kò lè ran ẹja yín lọ́wọ́ ṣá. Àyàfi kí wọ́n lé àwọn méje náà.

Apẹja, Kubwa:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Lánàá mo padà sí etí odò, mo sì kí wọn ní èdè Sípáníìṣì gẹ́gẹ́ bí Ìyá Ìbejì ti wí. Wọn kò dáhùn, mo sì fi orúkọ méjèèje sùn. Mo ti dáwọ́ ẹja títà dúró ní tèmi. Àwọn ẹgbẹ́ kan tó ń bá ẹranko ńlá náà jà ti gbà mí mọ́ra, èmi ni mò ń gbé oúnjẹ wá, a ó sì jọ pín ohun tí a bá rí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo kú lálẹ́ àná. Olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́, bí wọ́n bá lé àwọn méje náà, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹja tí wọ́n ti kó jọ?

Olùkọ́, Minna:

Èyí tó wà nínú àkáǹtì wọn yóò bá wọn lọ. Èyí tí wọ́n ti tà kò ní padà, wúrà tí wọ́n sì ti fi ránṣẹ́ sí oníṣòwò wọn yóò ṣì máa yí ká lọ́jà, nítorí náà ẹ má retí kí ìhámọ́ra tètè wálẹ̀. Ẹja ni kí ẹ máa ṣọ́: bí àwọn ajagun bá ti jẹ èyí tó wà nílẹ̀ tán, iye tí ẹ bá rí lọ́jọ́ náà ni iye rẹ̀ gan-an.